Owó Yín Ń Bọ̀ Lọ́nà

Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àìrówó, ẹ sì kú ìdúró. Bí ẹnì kan bá wà nínú wa tí kò dúró sórí ìlà níwájú ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ rí, kí ó jọ̀wọ́ fo ọ̀rọ̀ tèmi yìí, kí ó lọ ka ewì tó wà níwájú. Àwa tó kù, ẹ sún mọ́ mi, ọ̀rọ̀ wa ni mo fẹ́ sọ.

Ní sáà ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2024, gbólóhùn kan ṣoṣo la gbọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjìlá gbáko: "Owó yín ń bọ̀ lọ́nà." Obìnrin ojú fèrèsé sọ ọ́. Ìméèlì sọ ọ́. Ẹ̀rọ tó ń dá èèyàn lóhùn lórí fóònù náà sọ ọ́, ó tún fi orin sí i. Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀nà tó ń gbà bọ̀ fún wa, kò sì sẹ́ni tó sọ ohun tó dá a dúró. Nígbà tó yá, èmi fúnra mi lọ wádìí rẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo ń kọ síbí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì rò pé fọ́ọ̀mù FAFSA tiwa ni a kò kọ dáadáa. Fọ́ọ̀mù wa kò ní nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí owó náà ṣe máa ń rìn nígbà tí nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ. Ọdún 1965 ni Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin ètò ẹ̀kọ́ gíga. Kò jókòó sí Washington fọwọ́ sí i o. Ó padà lọ sí sukúlù tí òun fúnra rẹ̀ ti kàwé, ní ìlú San Marcos ní ìpínlẹ̀ Texas, ibẹ̀ ló ti fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá. Ohun tí òfin náà ń wí kò le: kí àìlówó má ṣe dá ọmọ tó fẹ́ kàwé dúró sílé. Abala kẹrin òfin yẹn, pẹ̀lú àwọn àtúnṣe tó tẹ̀ lé e, ni owó tí à ń gbà lónìí ti ń wá.

Ọ̀nà méjì ló pín sí fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Èkíní ni Pell Grant. Ẹ̀bùn ni, a kì í san án padà. Èyí tó pọ̀ jù tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà ní ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025 jẹ́ 7,395 dọ́là. Èkejì ni owó yíyá. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì tí ó ṣì wà lábẹ́ òbí rẹ̀ lè yá tó 6,500 dọ́là lọ́dún, èyí sì ń bẹ lọ́rùn rẹ̀ láti san. Ọmọ onílẹ̀ àti àwa tí a ní green card ló wà fún. Àwọn ọmọ ilé wa tó wá pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ kò sí nínú rẹ̀, ìyà tiwọn tún yàtọ̀.

Owó yìí kì í kọ́kọ́ gba ọwọ́ wa. Ìjọba ń fi í ránṣẹ́ sí sukúlù. Sukúlù á yọ sukúlù fíìsì tirẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni yóò fún akẹ́kọ̀ọ́. Ìyókù yẹn là ń pè ní rìfọ́ǹdì. Orúkọ yẹn ló ń tan àwọn èèyàn jẹ, wọ́n rò pé owó ọdún Kérésì ni. Owó rẹ́ǹtì ni o. Owó bọ́ọ̀sì ni. Owó gàrí àti ẹyin ni. Ní tèmi, nǹkan bí 1,800 dọ́là ló máa ń kù ní sáà kan, mo sì ti máa ń pín in kó tó dé. Ìpín tèmi nínú rẹ́ǹtì ilé tí àwa mẹ́ta jọ ń gbé jẹ́ 600 dọ́là lóṣù. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe lópin ọ̀sẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ.

Òfin sọ pé tí owó bá ti wọ àkáǹtì akẹ́kọ̀ọ́ ní sukúlù, tó sì ju ohun tó jẹ lọ, sukúlù kò gbọdọ̀ dá ìyókù dúró ju ọjọ́ 14 lọ. Ẹ fi ojú sí ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa: tí owó bá ti wọlé. Tí kò bá tíì wọlé ńkọ́? Ibẹ̀ ni ejò fara pamọ́ sí.

Kí n tó fa ejò yẹn jáde, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ilé kan fún yín, nítorí òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé èmi fúnra mi.

Mọ́mì mi ń kọ́ ilé kékeré kan sí Ìbàdàn fún ìyá wọn. Màmá àgbà ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, yàrá kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò ni wọ́n ń gbé ní Òkè-Àdó. Ọ́ńkù wa kan, àbúrò Mọ́mì, ló ń bá wọn bójú tó iṣẹ́ ilé náà. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, tí Ọ́ńkù bá ti ní owó sìmẹ́ńtì ti tán, Mọ́mì á fi òmíràn ránṣẹ́, ó parí. Ìgbà tó yá, owó ẹgbẹ̀rún kan búlọ́ọ̀kù lọ, fọ́tò tó dé fi búlọ́ọ̀kù tí kò tó irínwó hàn. Mọ́mì ò pariwo. Wọ́n kàn yí ètò padà ni. Wọ́n ní, "Láti òní lọ, owó ọwọ́ ẹ ni wàá fi ra nǹkan ná. Ra sìmẹ́ńtì, gba rìsíìtì, ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Tí mo bá wò ó tó tẹ́ mi lọ́rùn, màá dá owó ẹ padà fún ẹ."

Ṣé Mọ́mì jẹ̀bi? Wọn ò jẹ̀bi rárá. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ṣùgbọ́n Ọ́ńkù ò ní owó tí wọ́n lè fi ra sìmẹ́ńtì sílẹ̀. Ilé dúró sí ibi tí fèrèsé yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Òjò ọdún yẹn dé, ó bá Màmá àgbà nínú yàrá tó ń jò.

Ẹ wò ó, ohun tí ìjọba ṣe sí sukúlù wa gan-an nìyẹn. Heightened Cash Monitoring ni wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀, HCM ni ìnagijẹ. Sukúlù tí kò ní ẹ̀sùn lọ́rùn lè gba owó lọ́wọ́ ìjọba kó tó pín in, bí Mọ́mì ṣe ń ṣe ní ọdún méjì àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá fi sukúlù sí ìpele kìíní, HCM1, owó ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi sí àkáǹtì akẹ́kọ̀ọ́, kó tó lọ fa owó ìjọba yọ. Fífà á yọ kò ṣòro, kò sẹ́ni tó ń yẹ rìsíìtì wò kó tó jáde. Ìpele kejì, HCM2, ni ọ̀rọ̀ ti di rìsíìtì àti fọ́tò. Sukúlù á fi owó ara rẹ̀ sílẹ̀, á kó orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ àti ìwé ẹ̀rí jọ, á fi ránṣẹ́ sí Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀. Òṣìṣẹ́ á jókòó, á yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n tó dá owó padà.

Ní ìpele méjèèjì, sukúlù gbọ́dọ̀ ti san rìfọ́ǹdì tó tọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ kó tó béèrè owó lọ́wọ́ ìjọba. Lórí ìwé, àwa ni òfin yẹn gbè. Ṣùgbọ́n sukúlù tí kò lówó lọ́wọ́ ńkọ́? Kò ní tíì fi owó kankan sí àkáǹtì akẹ́kọ̀ọ́ ni. Tí kò bá sì tíì fi sí i, ọjọ́ 14 kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ ti rí ejò yẹn báyìí.

Kí ló ń gbé sukúlù dé ibẹ̀? Nǹkan pọ̀. Ó lè jẹ́ ìwé àyẹ̀wò ìṣirò owó tí wọn kò fi ránṣẹ́ lásìkò. Ó lè jẹ́ pé àwọn ayẹ̀wéwò ìjọba wá, wọ́n rí àléébù. Ó lè jẹ́ pé ẹgbẹ́ tó ń jẹ́rìí sí ojúlówó sukúlù ti ń wò ó níwòkuwò. Ó sì lè jẹ́ àpò tó gbẹ. Ìjọba ń fún àwọn sukúlù aládàáni ní máàkì lórí bí àpò wọn ṣe le tó, láti -1.0 títí dé 3.0. Ẹni tó bá gba 1.5 sókè ti yege. Ẹni tí kò bá tó 1.0 ti fẹ́ìlì pátápátá. Nígbà tí mo kà á, mo rẹ́rìn-ín. Àṣé àwọn tó ń fún wa ní máàkì náà ń gba máàkì!

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba ò jẹ́ kí aráyé mọ orúkọ àwọn sukúlù yìí. Oṣù kẹta ọdún 2015 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé orúkọ wọn jáde, wọ́n sì lé ní 500. Láti ìgbà náà, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni lè kà á. Ibẹ̀ ni mo ti rí tiwa ní oṣù kẹwàá, ní láíbìrì, ní alẹ́ ọjọ́ kan tó yẹ kí n máa ka báyọ́lọ́jì. Orúkọ sukúlù wa, orúkọ ìlú wa, àti HCM2 níwájú rẹ̀. Ìdí tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò gùn: ìwé ìṣirò owó wọn pẹ́. Mo tún un kà ní ìgbà mẹ́ta. Èmi tí lẹ́kítọ́rọ̀ gba máàkì márùn-ún lọ́wọ́ mi nítorí pé iṣẹ́ àṣetiléwá mi fi wákàtí kan pẹ́!

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí a gbàgbé bí ọ̀sẹ̀ méjìlá yẹn ṣe rí. Nínú ọ̀sẹ̀ kejì, àwa mẹ́rin ni a jọ ń lo ìwé báyọ́lọ́jì kan ṣoṣo tí láíbìrì ń yá èèyàn fún wákàtí méjì péré. Ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì tó tẹ màgásíìnì tó wà lọ́wọ́ yín yìí, òun náà ló tẹ orí kẹrin fún wa. Nínú ọ̀sẹ̀ karùn-ún, àwọn kan ti mọ ìjọ tó ń pín oúnjẹ lọ́jọ́ Wẹsidé àti èyí tó ń pín in lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. A ń fi ṣe àwàdà láàárín ara wa, a ní sukúlù ti fi kọ́ọ̀sì tuntun kún un. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo rí ẹni tó sùn lọ nínú ìdánwò.

Nínú ọ̀sẹ̀ kẹfà, lándílọ́ọ̀dù wa lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun náà ní gbèsè báńkì lórí ilé. Mo fi ìméèlì sukúlù hàn án, èyí tó ní owó ń bọ̀ lọ́nà. Ó kà á, ó ní, "Ọjọ́ wo?" Mi ò lè dá a lóhùn, nítorí sukúlù ò kọ ọjọ́ kankan síbẹ̀.

Mo pe Mọ́mì. Ìpínlẹ̀ mìíràn ni wọ́n ń gbé, ilé àwọn arúgbó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Àwọn àti àwọn obìnrin mọ́kànlá kan jọ ń dá àjọ, 300 dọ́là lóṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Oṣù kejìlá ló yẹ kí ó kan Mọ́mì. Ilé Ìbàdàn ti kúrò lójú fèrèsé nígbà yẹn, páànù ló kù, owó àjọ yẹn ni wọ́n fẹ́ fi ra páànù. Mọ́mì bẹ ìyá alájọ kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n gbà á ní oṣù kẹwàá. Wọ́n fi 1,200 ránṣẹ́ sí mi nínú rẹ̀, rẹ́ǹtì oṣù méjì. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa páànù. Wọ́n kàn ní, "Má fi ìwé sílẹ̀ o. Ṣó o gbọ́?" Mo ní, "Mo gbọ́, mà."

Èmi ní Mọ́mì. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọbìnrin Ìjẹ̀ṣà, kò ní ẹnikẹ́ni tó ń dá àjọ ní ilẹ̀ yìí. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló ti wá, ìyẹn náà sì ní ọmọ mẹ́rin. Òun ló ń kọ́ mi ní ìṣirò. Tó bá ti gbé bírò báyìí, ohun tí lẹ́kítọ́rọ̀ fi wákàtí kan sọ, ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa fi sọ ọ́ kó yé èèyàn. Nínú ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ó gba iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan, níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù sínú páálí. Ó ní òun á padà wá ní oṣù kìíní. Oṣù kìíní dé, ó kọjá. Sukúlù fi bílù ránṣẹ́ sí i. Bílù ò pẹ́ rárá ní tirẹ̀, àsìkò gan-an ló dé.

Rìfọ́ǹdì tèmi wọlé ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá, ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Mo ní kí n dá owó Mọ́mì padà, wọ́n ní kí n fi san oṣù tó kù, pé owó páànù ti gbé ẹsẹ̀ sókè ní Ìbàdàn, èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn ò lè rà á tó mọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀. Bí ìwé ìṣirò owó tó pẹ́ ní Amẹ́ríkà ṣe sọ òrùlé arúgbó kan di ọjọ́ iwájú ní Òkè-Àdó nìyẹn. Kò sí nínú máàkì tí ìjọba ń fún sukúlù.

Àmọ́ ẹ má gbọ́ mi ṣì o. Mi ò ní kí ìjọba dẹ́kun ṣíṣọ́ wọn. Ìtàn wà nílẹ̀. Corinthian Colleges ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ju 70,000 lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, ìjọba ní kí owó wọn máa dúró fún ọjọ́ 21 kó tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ọjọ́ 21 péré! Ilé-iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ní àwọn ò ní owó tó lè gbé àwọn dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2015, wọ́n ti èyí tó kù pa, nǹkan bí 16,000 akẹ́kọ̀ọ́ ló bá ara wọn níta. Ti Argosy University tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2019, ìjọba dá owó wọn dúró, wọ́n ní rìfọ́ǹdì akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní mílíọ̀nù 13 dọ́là ni sukúlù náà kò san. Ìjọba ti san owó yẹn sílẹ̀ o. Ó dé sukúlù, kò dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Kí oṣù kẹta tó parí, Argosy ti kógbá wọlé. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí wọ́n má ṣọ́ sukúlù, kò fẹ́ràn wa.

Ẹjọ́ tèmi ni pé ẹrù tí wọ́n ń gbé lé sukúlù, orí ẹni tí kò ní nǹkan ló máa ń já lé. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, nínú ìjà ìjọba Ààrẹ Trump àti Harvard, Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ kéde pé àwọn ti fi Harvard náà sí abẹ́ HCM, pé kí ó fi owó ara rẹ̀ san fún akẹ́kọ̀ọ́ ná, kí ó sì fi ìwé ìdúró báńkì tó jẹ́ mílíọ̀nù 36 dọ́là sílẹ̀. Mi ò dá sí ìjà wọn. Ohun tí mo rí ni pé owó tí Harvard ní nípamọ́ lé ní bílíọ̀nù 50 dọ́là. Sukúlù tó ní irú owó bẹ́ẹ̀ lè gbé owó ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ láìmí kanlẹ̀. Òkúta tí wọ́n jù lu erin, tí wọ́n bá jù ú lu òròmọdìẹ, ẹ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Sukúlù kéékèèké tó ń gba ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́, tí sukúlù fíìsì tòní ń san owó oṣù tòní, ni òròmọdìẹ. Àwa la wà lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀.

Ó tún ku ẹyọ kan. Èèyàn ló ń yẹ rìsíìtì wò. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ kéde pé àwọn máa dín òṣìṣẹ́ àwọn kù ní nǹkan bí ìdajì. Ẹni tó bá ti dúró rí nígbà tí wọ́n pé, kí ó ro bí ìdúró ṣe lè rí nígbà tí wọn ò pé. Sukúlù ń bínú sí ìjọba, ìjọba ń bínú sí sukúlù. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò radìẹ. Àwa ńkọ́? Àwa ni aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn náà.

Ṣé ẹ rántí pé mi ò parí ọ̀rọ̀ ilé Ìbàdàn? Nígbà tí òjò ọdún yẹn pọ̀ jù, Mọ́mì ò dẹwọ́ fún Ọ́ńkù. Rìsíìtì ṣì ni rìsíìtì. Ṣùgbọ́n wọ́n gba yàrá kan tí kò jò fún Màmá àgbà títí ilé á fi parí, wọ́n sì ń san owó yàrá náà tààrà fún onílé, kò gba ọwọ́ Ọ́ńkù kọjá. Ẹjọ́ àwọn àti àbúrò wọn ń lọ lọ́tọ̀, orí ìyá wọn gbẹ lọ́tọ̀. Mọ́mì ò ka ìwé òfin kankan kí wọ́n tó mọ ìyẹn. Wọ́n kàn bi ara wọn pé: ta ni mo ń kọ́ ilé yìí fún?

Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba àti sukúlù bi ara wọn nìyẹn. Owó yìí, ta ló wà fún? Ìjọba mọ orúkọ wa. Ó mọ iye tí Mọ́mì mi ń gbà lọ́dún, àwa la fi ọwọ́ wa kọ ọ́ sínú FAFSA. Tí kò bá fọkàn tán sukúlù, kí ó di sukúlù fíìsì mú títí wọ́n á fi mú rìsíìtì wá. Èyí tó jẹ́ ti rẹ́ǹtì àti oúnjẹ, kí ó wá ọ̀nà tí yóò gbà dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Kí sukúlù náà sì sọ òótọ́ fún wa ní ọjọ́ tí ìwé HCM2 bá dé bá wọn. Àgbàlagbà ni wá, a lè gbọ́ ọ. Tí mo bá mọ̀ ní oṣù kẹjọ, mi ò bá ti fi ọjọ́ iṣẹ́ kún ọjọ́ iṣẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà yẹn náà ì bá ti mọ ohun tó máa ṣe.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí a mọ díẹ̀ nínú ẹ̀tọ́ wa. Ẹ máa wo orúkọ sukúlù yín nínú ìwé tí ìjọba ń gbé jáde, àti ti sukúlù tí ẹ bá fẹ́ ṣí lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Pell Grant, òfin wà pé tí owó yín bá ti ṣeé san ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ sáà, tí yóò sì ṣẹ́ kù fún yín, sukúlù gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tí ẹ fi máa rí ìwé rà, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ keje sáà. Ẹ béèrè fún un. Ẹ gba lẹ́tà tó ní ọjọ́ àti òǹtẹ̀ nínú fún lándílọ́ọ̀dù yín, kì í ṣe ìméèlì lásán. Ẹ tẹ àkáǹtì yín sórí bébà lóṣooṣù, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú èsì ìdánwò yín. Tí sukúlù bá sì ti ilẹ̀kùn, ẹni tó ṣì wà níbẹ̀ lè bẹ̀bẹ̀ kí ìjọba pa gbèsè owó tó yá rẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó kúrò láàárín ọjọ́ 180 ṣáájú ìgbà náà. Ẹni tó fẹ́ kúrò, kí ó mọ ọjọ́ tó kúrò, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, sukúlù wa ṣì wà nínú ìwé yẹn. Sáà mìíràn ń bọ̀. Nítorí náà, àwa mélòó kan ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà sukúlù. Ohun mẹ́ta péré la béèrè: kí wọ́n sọ ìpele tí a wà fún wa ní gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí wọ́n má gba owó ìpẹ́ tàbí kí wọ́n dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti forúkọ sílẹ̀ nítorí owó tí àwọn fúnra wọn kò tíì fi sí àkáǹtì rẹ̀, kí wọ́n sì ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún rẹ́ǹtì ẹni tó bá ti fẹ́ di aláìnílé. Lẹ́tà náà wà lórí tábìlì ní yàrá ẹgbẹ́ wa. Orúkọ mọ́kànlélógójì ló wà lábẹ́ rẹ̀ báyìí, ti ọmọbìnrin Ìjẹ̀ṣà yẹn sì wà nínú rẹ̀. Ó wá láti ibi iṣẹ́ kó tó lọ sùn, ó fọwọ́ sí i. Bírò wà níbẹ̀.